Lọ́dọ̀ Rùkáyá, Ọmọ Peckham Tó Ń Fi Ẹṣin Fo Odi

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó kí mi káàbọ̀ tí kò béèrè òtútù. Ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn kí a lè gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: òtútù wà, ó mú, mo wọ ẹ̀wù mẹ́rin léra wọn, mi ò kú. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni ti Rùkáyá, ọmọ àbúrò mi, tí ẹ ń gbọ́ pé ó ń sá eré ẹṣin láàárín àwọn òyìnbó. Àwọn kan nínú yín ní irọ́ ni. Mo ti fi ojú ara mi rí i. Mo sì ṣe ohun kan níbẹ̀ tí àwọn kan nínú ẹbí ń torí rẹ̀ yọ ṣùtì sí mi títí di òní, nítorí náà ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ wá, ilé ẹlẹ́ṣin ni ilé wa ní Ìlọrin. Bàbá bàbá mi ló ń tọ́jú ẹṣin ààfin. Bàbá mi sá eré ẹṣin títí dé Kàdúná. Àwọn ọmọkùnrin ilé wa mọ ẹṣin í gùn kí wọ́n tó mọ kẹ̀kẹ́. Èmi náà gùn ún títí bàbá mi fi ní mo ti ń di obìnrin, kí n sọ̀kalẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo di olùkọ́, mo ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ̀yìn tì. Láwàní, àbúrò mi, gba London lọ, ó ń wa bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Òun ló bí Rùkáyá, òun náà ló ní kí n wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn.

Àwọn aládùúgbò

Nunhead ni ilé Láwàní wà, lẹ́bàá Peckham. Àwọn ilé ibẹ̀ so mọ́ ara wọn bí eyín, gbogbo wọn dọ́gba, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé lọ́jọ́ tí mo dé, mo bi Láwàní bóyá àwọn ará àdúgbò ti sá lọ. Ó ní wọ́n wà nílé. Bàbá òyìnbó tó wà ní ilé kejì máa ń kí mi láàárọ̀ pé òjò fẹ́ rọ̀, mo máa ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, á sì ti ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún oṣù mẹ́ta. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, kò mọ tèmi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo gbàgbé àpò ẹran sí ẹnu ọ̀nà, òun ló gbé e kọ́ sókè kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ má baà jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń rìn ní títì níbẹ̀ bí ajá tó ní ilé tirẹ̀.

Ẹ máa gbọ́ pé òyìnbó kò lẹ́kọ̀ọ́. Irọ́ ni. Mo tẹ ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, òun ló bẹ̀ mí. Ohun tí wọn kò ní ni ìkíni. Wọn kò ní í bi ọ́ nípa ìyá rẹ, wọn kò ní í bi ọ́ bóyá o sùn dáadáa. Tí ẹ bá fẹ́ ìyẹn, ẹ lọ sí Rye Lane. Kí n tó rìn dé ìdajì òpópónà yẹn, ó kéré tán, ẹni mẹ́fà á ti pè mí ní Mummy: ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ, ẹni tó ń ta ata rodo nínú abọ́, ẹni tó ń ta káàdì fóònù. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ọ̀ṣogbo ta iṣu fún mi, ó sì ń bẹ̀ mí bí ẹni tó jẹ̀bi: "Mummy, ẹ má bínú, Ghana ni wọ́n ti kó o wá o, but it's sweet, I promise." Iṣu náà dùn lóòótọ́. Ó dùn mí pé ó dùn.

Ọmọ tó kúrò ní Peckham lọ kó ìgbẹ́ ẹṣin

Rùkáyá kò gbé ilé. Ó ń gbé ní ìgbèríko, níbi tí ọ̀gá rẹ̀ ti ń tọ́jú ẹṣin àwọn olówó. Ọjọ́ tó bá ráyè ló máa ń wá sí Nunhead. Nígbà àkọ́kọ́ tó wọlé, mo rò pé ọmọ ilé-ìwé ni. Ó pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, kò sì ga ju èjìká mi lọ. Ó ní, "Hiya, Aunty," ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì kọjá lọ sídìí firíìjì. Mo wo Láwàní. Láwàní wo ilẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ rèé bí bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún mi. Ilé ẹṣin kékeré kan wà lẹ́bàá ojú irin ní gúúsù London, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò gun ẹṣin tí wọ́n bá ti bá wọn kó ìgbẹ́. Láwàní mú un lọ níbẹ̀ nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, kí ọwọ́ ọmọ lè kan ohun tí ọwọ́ baba ńlá rẹ̀ kàn. Ó rò pé á wulẹ̀ ṣeré níbẹ̀ ni. Nígbà tó pé mẹ́rìndínlógún, ọmọ ní òun kò ní í ka ìwé mọ́, ẹṣin lòun fẹ́ gùn jẹun. Ìyá rẹ̀, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan. Láwàní kò sunkún. Ó ní òun fẹ́ bínú ni, ṣùgbọ́n ayọ̀ ni kò jẹ́ kí òun ráyè.

Ní ilé ẹṣin tó ti lọ kọ́ṣẹ́, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, ẹṣin wà ní Peckham ni? Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi kó ìgbẹ́, tó fi nu ara ẹṣin, kí wọ́n tó fún un ní eré kan ṣoṣo, ó sì gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gba ipò kìn-ín-ní, bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n pè é sórí fóònù nígbà tó dúró ní ibùdókọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú àwọn èrò. Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Ìyá kan fún un ní hańkáṣíìfù, òmíràn ní kí ó máa lọ sílé, wọ́n á wá bọ́ọ̀sì mìíràn wọ̀.

Eré tó ń sá kì í ṣe ti ilẹ̀ gbọọrọ bíi tiwa. Odi ni wọ́n ń fo. Wọ́n á fi ẹ̀ka igi di odi tó dé àyà mi, ẹṣin á sáré tete, á fò ó, á tún sáré lọ bá òmíràn. Obìnrin àti ọkùnrin jọ ń sá a pọ̀ ni, kò sí pé ẹ rọra. Ó ti ṣẹ́ ní eegun èjìká lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ṣẹ́ ní ọrùn ọwọ́, eyín rẹ̀ méjì níwájú kì í ṣe èyí tí Ọlọ́run fún un. Nítorí ìwọ̀n ara, kì í jẹun. Mo se ìrẹsì, mo din ẹja, ó fi ṣíbí kan tọ́ ọ wò, ó ní, "Bangin', Aunty," ìyẹn ni pé ó dùn, ó sì bo abọ́. Mo ti jẹ́ olùkọ́ fún ọdún márùndínlógójì, ọmọ kan kò fojú di oúnjẹ mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń mú un sọ̀rọ̀ pẹ́: ẹṣin pupa kan tó ń jẹ́ Kettle. Ẹṣin ńlá ni, irú èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọkùnrin tó ti lórúkọ. Ọdún mẹ́sàn-án tó fi ń gun ẹṣin tí kò dára tó láti gba nǹkan kan ló fi ń retí irú rẹ̀. Lọ́dún yìí, ọ̀gá rẹ̀ ní òun ni yóò gun Kettle nínú eré ńlá kan tí gbogbo ilẹ̀ wọn ń wò. Sátidé ni eré náà.

Ní pápá

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ní eré kékeré kan tí yóò fi ẹṣin mìíràn sá. Láwàní gba àyè níbi iṣẹ́, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó.

Oúnjẹ ibẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ni láti òkè délẹ̀. Páì ẹlẹ́dẹ̀, sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀, búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹlẹ́dẹ̀ sínú. Mo jẹ pòtétò díndín, mo sì mu tíì. Atẹ́gùn ń fẹ́ bí ẹni bínú. Ìyá arúgbó òyìnbó kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí i pé mò ń gbọ̀n. Kò kí mi, kò bi mí lórúkọ, ó kàn tẹ́ ìdajì bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, ó sì ń ka ìwé rẹ̀ lọ. Nígbà tó ṣe, ó bi mí bóyá èmi ni mo ni ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin náà. Mo ní rárá, ẹni tó ń gùn ún ni mo ni. Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lára.

Ọ̀gá Rùkáyá náà wá kí wa. Àgbàlagbà òyìnbó tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n ni, ó ṣí fìlà fún mi. Nígbà tó gbọ́ pé ẹṣin ni iṣẹ́ ilé wa, ó bi mí ohun tí à ń fi bọ́ wọn. Mo ní pòpórò ọkà bàbà àti ewé ẹ̀pà. Ó yọ bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan. Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Wọ́n ṣí eré. Rùkáyá wà níwájú pẹ̀lú àwọn mẹ́ta, mo sì ń pariwo bí ọmọdé. Ó ku odi méjì. Ẹṣin rẹ̀ pẹ́ kí ó tó gbé ẹsẹ̀, igbáyà rẹ̀ gbá odi, ọmọ náà sì gba orí ẹṣin já bọ́. Ẹṣin mìíràn fò ó kọjá. Mo dìde, mo ń ké innà lillāhi. Láwàní fà mí lọ́wọ́. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jókòó. Ó máa dìde."

Ó dìde. Dókítà pápá wo ojú rẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè mélòó kan, ó dáhùn gbogbo rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa lọ. Ó bá wa padà sí Nunhead kí ó lè sinmi di ọjọ́ Ẹtì. Nínú ọkọ̀ ojú irin, kò sí ẹni tó mẹ́nu ba ìṣubú náà. Ẹ̀yin ará ilé mọ àṣà wa: ẹni tó bá já lórí ẹṣin, a kì í bi í léèrè. Ṣe ni yóò tún gun ẹṣin náà lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Wọ́n ní tí a bá ń sọ ọ́, ẹ̀rù á wọ inú ọmọ. A sọ̀rọ̀ nípa iṣu Ghana títí a fi délé.

Ẹ káàárọ̀ mẹ́ta

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo wà ní ilé ìdáná. Rùkáyá sọ̀kalẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀ lórúnkún méjèèjì, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Aunty. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ẹnu yà mí. Ọmọ tó ń kí mi ní "hiya" láti ọjọ́ yìí! Mo gbé e dìde, mo súre fún un. Mo ní nínú ara mi pé ẹ̀kọ́ mi ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ó lọ sí pálọ̀. Kò pẹ́, ó tún padà wá, ó kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Aunty. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Mo tún dáhùn, mo tún súre. Mo tilẹ̀ pe Láwàní pé kí ó wá wo ọmọ tí mo ti tún kọ́. Láwàní ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, London ló bò ó."

Nígbà tó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Bùràímọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nínú yín kò pọ̀ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tó já lórí ẹṣin ní pápá ẹ̀yìn ìlú. Ó dìde, ó tún gùn ún bí àṣà ilé wa, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó délé, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá wa kú ọ̀sán. Ó wẹ ọwọ́, ó tún wá dọ̀bálẹ̀, ó kí i kú ọ̀sán. Ìyá wa ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o. Ó kí i lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ kejì, a ti sin ín kí a tó kírun ọ̀sán. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ mọ́. Láwàní kò ju ọmọ ọwọ́ lọ nígbà náà, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo bi Rùkáyá pé, "Ẹṣin wo lo máa gùn ní Sátidé?"

Ó ṣí ẹnu, kò rí orúkọ náà. Ẹṣin tó ti ń sọ nípa rẹ̀ láti oṣù kan! Ó wo ògiri, ó wò mí, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Kettle," ó sọ ọ́ nígbà tó yá. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú. "Aunty, please. Ẹ má sọ fún guv'nor, ọ̀gá mi. Orí ló kàn ń fọ́ mi. Tí wọ́n bá gbọ́, they'll stand me down, wọn ò ní í jẹ́ kí n gùn ún. Nine years, Aunty! Lẹ́yìn Saturday, mo máa lọ rí doctor, I swear down."

Mo sọ fún Láwàní. Ó ní dókítà pápá ti wò ó. Mo ní nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí gba ohun tó tọ́ sí i. Eré kan ṣoṣo ló kù." Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án lóru lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tí mo lè fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo bẹ̀rù pé ọmọ á kú, mo sì bẹ̀rù pé kò ní í kú, tí èmi á sì ti gba ọdún mẹ́sàn-án rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lásán.

Fóònù ọ̀gá

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá Rùkáyá pè. Rùkáyá gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́. Ohùn rẹ̀ já gaara, ó ní ara òun le, òun ti ṣe tán. Inú ọ̀gá dùn. Kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí ìyá tó sọ̀rọ̀ pòpórò ọkà. Òyìnbó tí mo ní kì í kíni! Ó bi mí bóyá mo wà dáadáa, bóyá mo ti móoru, ó sì fi ṣe àwàdà pé, ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó jẹun?

Rùkáyá pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sí mi. Láwàní ń mi orí pé rárá.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo sọ fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kọ́ ọmọ yín pé ara rẹ̀ kò yá, pé ó kí mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ kan, pé kò rántí orúkọ Kettle. Ó ní ẹ ṣeun, ìyá, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nísinsìnyí, òun á bá àwọn tó yẹ sọ̀rọ̀.

Rùkáyá kò pariwo. Ó dìde, ó lọ wọ bàtà. Láwàní ló pariwo. "Ẹ ti fi ọmọ mi sùn fún òyìnbó! Nínú ilé wa, ta ló ṣe bẹ́ẹ̀ rí?" Mo ní kò sí. Mo ní èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é.

Dókítà ilé ìwòsàn ní ọpọlọ rẹ̀ ti mì. Ó ní orí tó mì báyìí, tó bá tún já bọ́ kí ó tó san, òun kò lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ gun ẹṣin, kò gbọ́dọ̀ ka ìwé, kò gbọ́dọ̀ wo tẹlifíṣọ̀n títí wọ́n á fi ní ó tó. Láwàní gbọ́ ọ. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, èmi náà kò béèrè.

Sátidé

Kí ẹ má baà máa dààmú: ara Rùkáyá ti yá, dókítà ti fọwọ́ sí i, ó ti padà sórí ẹṣin. Ṣùgbọ́n Kettle kò padà sí ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ló ń gùn ún di báyìí.

Lọ́sàn-án Sátidé yẹn, Láwàní ti lọ wa bọ́ọ̀sì rẹ̀. Èmi nìkan jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Rùkáyá kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ àná. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga, ó kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, ó dojú kọ ògiri.

"Ẹ pa volume," ó ní. "Ariwo yẹn ń dùn mí. Ẹ̀yin, ẹ sọ fún mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo ní wọ́n ti gbéra. Mo ní Kettle wà láàárín, ó fo èkínní, ó fo èkejì. "Ṣé ó ń fa ìjánu?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹni yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lọ. He likes to go." Mo ní ó ti jẹ́ kó lọ. Ó ku mẹ́ta, ó ku méjì. Mo ní Kettle ti bọ́ síwájú. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀.

"Èyí tó kẹ́yìn ńkọ́?"

"Ó fò ó bí ẹni fo gọ́tà."

"Ó ti win?"

"Ó gba ipò kìn-ín-ní, ọmọ mi."

Ó sunkún pẹ́. Mi ò fọwọ́ kàn án, nítorí èmi ni mo fà á. Nígbà tó nu ojú, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin náà, ọmọ ẹlẹ́ṣin ni yín, Aunty. How could you? Daddy ní nínú ilé wa, nobody tells. Ẹni tó bá já, he gets back on."

Mo wá sọ ti Bùràímọ̀ fún un. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, ẹnu mi kò pe orúkọ náà sétí ẹnikẹ́ni rí. Mo sọ ti pápá, ti àtẹ́wọ́, ti kú ọ̀sán mẹ́ta, ti ẹ̀rín ìyá wa. Nígbà tí mo parí, kò bi mí nípa ìsìnkú, kò bi mí nípa ìyá wa. Ohun tí ẹlẹ́ṣin máa ń béèrè ló béèrè.

"Tí èèyàn bá já báyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Kò lè dá gun ẹṣin padà. Ta ló bá a di ẹṣin mú, Aunty?"

Mo ní, "Èmi ni."